Ewé Líle, Ooru Pípẹ́: Ibi Tí Adùn Tíì Fukamushi Ti Ṣẹ̀ Wá

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wá. Omi tó wà nínú ife mẹ́ta iwájú mi yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná ni, mi ò sì tíì fọwọ́ kan ewé. Mo ń dúró kí omi náà rọlẹ̀ díẹ̀. Tó bá tó àkókò, màá dá ọ̀rọ̀ dúró, màá po tíì, kí ìyókù ọ̀rọ̀ lè bá yín nígbà tí ẹ ti tọ́ ọ wò.

Abọ́ kékeré yìí ni kó kọ́kọ́ yí ká. Ẹ rọra gbóòórùn rẹ̀, torí ewé náà fúyẹ́, èémí lásán lè fẹ́ ẹ dànù. Ẹ wò ó dáadáa. Apá kan rí bí abẹ́rẹ́ kéékèèké tó ti kán, apá kan rí bí èlùbọ́ tí wọ́n gún tí wọn kò tíì kù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ra á, mo rò pé ìsàlẹ̀ àpò ni wọ́n gbá fún mi. Inú bí mi gan-an. Mo tún un rà níbòmíràn, bákan náà ló rí. Ìgbà yẹn ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí, ìdí náà ni mo sì bá wá síbí lónìí.

Orúkọ rẹ̀ ni fukamushi sencha. Sencha ni tíì aláwọ̀ ewé tí àwọn ará Japan ń mu nílé lójoojúmọ́. Ní èdè wọn, «fuka» ń sọ nípa ohun tó jinlẹ̀, «mushi» sì ni kí wọ́n fi ooru omi se nǹkan, bí a ti ń se mọ́ínmọ́ín tí omi kì í kan ohun tó wà nínú ewé. Tíì tí ooru omi wọ̀ dé ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ nìyẹn. Bó ṣe fọ́ wẹ́wẹ́ tó báyìí, àti bí ìtọ́wò rẹ̀ ṣe rọ̀ tó, ilẹ̀ kan ló fà á: ilẹ̀ tó le, tí oòrùn rẹ̀ mú, tí àwọn tó kọ́kọ́ dá oko síbẹ̀ kò sì ní ibòmíràn tí wọ́n lè forí lé. Ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ náà lè mu tíì yìí kó dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tó ń mu.

Kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí ooru ń ṣe. Bí ẹ bá bó iṣu tí ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ mọ̀ pé á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ewé tíì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ti já a. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ kó yí padà tán, ó di tíì pupa tí gbogbo wa mọ̀ nínú páálí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kó dúró ní àwọ̀ ewé gbọ́dọ̀ tètè fi iná bá a. Ní Ṣáínà, inú agbada gbígbóná ni wọ́n ti ń yan èyí tó pọ̀ jù. Ooru omi ni Japan mú, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti mú un. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ń dárúkọ jù lórí ọ̀rọ̀ sencha ni Nagatani Soen, àgbẹ̀ kan ní Ujitawara, lẹ́bàá Kyoto. Ní ọdún 1738, ó mú ọ̀mùnú ewé nìkan, ó fi ooru omi sè é, ó fọwọ́ yí i lórí tábìlì tí iná wà lábẹ́ rẹ̀ títí ó fi gbẹ. Ó gbé e dé Edo, ìlú tí a ń pè ní Tokyo lónìí, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Yamamoto Kahei sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, tíì tí ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù ń mu pọ́n bí omi ewé gbígbẹ. Ti Soen mọ́, ó sì ní àwọ̀ ewé.

Nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ lé ti Soen, ooru tí wọ́n ń fún ewé kò pọ̀: nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 40. Fukamushi ń gba 60 sí 120, òmíràn tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè ní kí ni ìṣẹ́jú kan péré fẹ́ ṣe fún ewé. Ẹ ní sùúrù fún mi, torí mo fẹ́ ká kọ́kọ́ gba orí òkè kan kọjá.

Òkè náà ń jẹ́ Makinohara. Ó wà ní ìpínlẹ̀ Shizuoka, láàárín Tokyo àti Nagoya, orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, odò Oi sì ń ṣàn lọ sínú òkun ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lónìí, ibẹ̀ ni oko tíì tó fẹ̀ jù lọ ní Japan. Ewé ni títí ojú fi lọ, wọ́n gé orí igi rẹ̀ róbótó bí ẹ̀yìn ìjàpá, fáànù gíga-gíga sì wà lórí òpó láàárín oko, tó ń ti afẹ́fẹ́ tó móoru sísàlẹ̀ ní òru kí ìrì dídì má baà pa ọ̀mùnú. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 160 ọdún sẹ́yìn, igbó lásán ló wà níbẹ̀. Erùpẹ̀ pupa àti òkúta wẹ́wẹ́ ni ilẹ̀ rẹ̀, kò sí omi. Àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ òkè kò fojú sí i lára.

Àwọn tó wá bá a jà kì í ṣe àgbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Tokugawa tó ti ṣàkóso Japan fún ohun tó ju 260 ọdún lọ ṣubú, olórí wọn ìkẹyìn, Yoshinobu, fi Edo sílẹ̀, ó sì lọ gbé ní Shizuoka ní ọdún 1868. Àwọn sámúráì tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìrẹsì tí ìjọba ń fi san owó iṣẹ́ wọn ti ń lọ, idà wọn kò sì níṣẹ́ mọ́. Ní ọdún 1869, Chujo Kageaki tó jẹ́ aṣáájú wọn kó wọn gun Makinohara, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán igbó. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin tí wọ́n ti fi idà lé lọ́wọ́ láti kékeré, tó wá ń fi ọkọ́ wú gbòǹgbò nínú òkúta. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa Chujo ni pé nígbà tó yá, ìjọba tuntun fẹ́ fún un ní ipò gómìnà. Ó ní òun ti gun òkè, òun kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́, ajílẹ̀ igi tíì ni òun máa dà. Ère rẹ̀ wà ní ìlú Shimada di òní.

Àwọn kejì tó gun òkè yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ní àkókò Tokugawa, kò gbọdọ̀ sí afárá lórí odò Oi, kò sì gbọdọ̀ sí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò kọjá, bẹ́ẹ̀ sì ni ojú ọ̀nà ńlá láti Edo sí Kyoto ló gba odò náà kọjá. Èèyàn ló ń gbé èèyàn. Àwọn alágbára ọkùnrin máa ń gbé arìnrìn-àjò sọ́rùn, tàbí kí wọ́n gbé e sórí pátákó kí àwọn mélòó kan fi èjìká rù ú. Owó rẹ̀ ń tẹ̀ lé bí omi bá ti ga tó lára ẹni tó ń gbéni: omi tó dé itan ní iye tirẹ̀, èyí tó dé ìbàdí ní tirẹ̀, èyí tó dé àyà, èyí tó dé abíyá. Ní ọdún 1870, ìjọba tuntun fàyè gba ọkọ̀ ojú omi. Iṣẹ́ tí bàbá wọn fi tọ́ wọn tán lọ́jọ́ kan. Àwọn kan nínú wọn náà gba ilẹ̀ ní Makinohara, wọ́n gbin tíì.

Kí ló dé tó fi jẹ́ tíì? Èbúté Yokohama ti ṣí láti ọdún 1859, àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà sì ń rà á lọ́pọ̀ yanturu. Ìgbà yẹn, sílíkì nìkan ló ń mú owó ilẹ̀ òkèèrè wọ Japan ju tíì lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, omi ti tó. Mo fọwọ́ kan ife, mo lè gbé e láì jó. Á máa lọ sí nǹkan bí 70°C. Gíráàmù 6 ewé ni mo dà sínú ìkòkò yìí, ẹ wò ó, ṣíbí kékeré mẹ́ta ni. Omi ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Mo dé e. Mi ò ní mì í, mi ò ní rò ó. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá péré, ẹ jẹ́ ká dákẹ́.

Ó tó. Ẹ wo bí mo ṣe ń dà á: díẹ̀ sí ife kìíní, díẹ̀ sí ìkejì, díẹ̀ sí ìkẹta, mo tún padà láti ìkẹta wá sí ìkíní, kí èyí tó ki má baà jẹ́ ti ẹnì kan. Ẹ̀kán ìkẹyìn yìí, tó ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan yìí, òun ló dùn jù, mi ò ní fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú ìkòkò.

Ẹ kọ́kọ́ wo inú ife kí ẹ tó mu ún. Kò mọ́ gaara. Ó rú, ó ní àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀, bí omi tí wọ́n fi fọ ẹ̀fọ́ tútù. Bí ẹ bá gbé sencha tí ooru rẹ̀ kò pẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tiyẹn á mọ́ bíi wúrà tó fẹ́ jọ ewé, ẹ ó sì rí ìsàlẹ̀ ife. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé tíì tó mọ́ ló dáa, èyí tó rú bàjẹ́. Mo kọ̀ fún wọn. Ewé fúnra rẹ̀ ló wà nínú omi yìí, ó kúnná débi pé ó gba ojú asẹ́ kọjá. Àwọn nǹkan tí omi kì í lè yọ́, bíi àwọ̀ ewé fúnra rẹ̀ àti fítámì E, ń bá a wọ ẹnu. Ẹni tó ń mu sencha lásán ń da wọ́n nù pọ̀ mọ́ ewé.

Ó yá, ẹ mu ún.

Ohun tó kọ́kọ́ kan ahọ́n ni adùn kan tí kì í ṣe ti ṣúgà. Ẹ rántí omi ẹran tó ti hó pẹ́, ẹ rántí irú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ọbẹ̀ gbígbóná. Adùn yẹn ni àwọn ará Japan ń pè ní umami. Ikeda Kikunae, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Tokyo, ló fún un lórúkọ ní ọdún 1908. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkorò díẹ̀ dé, ó kàn yọjú ni, ó lọ. Ohun tí ẹ ò rí ni kí ahọ́n máa fún pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá jẹ kajú tí kò tíì pọ́n. Omi náà sì ki, ó ń rọra yọ́ lọ lọ́fun. Ẹ gbé ife kalẹ̀ kí ẹ dúró díẹ̀. Ẹni tó ti jẹ obì rí mọ bí omi ṣe ń dùn lẹ́yìn rẹ̀. Irú adùn yẹn ló kù lẹ́nu yín yìí.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sórí òkè. Oòrùn Makinohara pọ̀, kò sí òkè mìíràn tó ṣíji bò ó. Ewé tó bá rí oòrùn báyẹn máa ń nípọn. Nínú gbòǹgbò igi tíì ni èròjà kan tó ń jẹ́ theanine ti ń wá, òun ló ń mú adùn bí omi ẹran yẹn wọ inú ewé. Sakato Yajiro ló ṣàwárí rẹ̀ ní Kyoto ní ọdún 1949. Tó bá dé ewé tí oòrùn bá pa á, ó ń di catechin, ìyẹn ohun tó ń korò tó sì ń fún ahọ́n. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe tíì olówó iyebíye ní Uji, lẹ́bàá Kyoto, fi ń fi ìbòrí bo igi wọn. Catechin yẹn náà, obìnrin kan ló kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ látinú tíì aláwọ̀ ewé ní ọdún 1929. Tsujimura Michiyo lorúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1932, ó di obìnrin àkọ́kọ́ ní Japan tó gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn. Mo máa ń dárúkọ rẹ̀ níbikíbi tí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ tíì, torí ó yẹ kí àwọn ọmọbìnrin tó jókòó síbí gbọ́ ọ.

Nítorí náà, ewé Makinohara nípọn, ó korò, ó sì ń fún ẹnu. Lọ́jà, kò lè bá tíì àwọn àfonífojì orí òkè du owó, torí ibẹ̀ ní ìkùukùu lówùúrọ̀, ewé wọn sì rọ̀. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó ṣán igbó yẹn ń gbin tíì tó pọ̀, wọ́n ń gba owó tó kéré. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ní àwọn ọdún 1950 wọ inú 1960, àwọn tó ń ṣe tíì ní Makinohara, Kikugawa àti Kakegawa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ewé náà sínú ooru pẹ́ ju bí wọ́n ti ń ṣe lọ. Ọwọ́ púpọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Àwa ń fọ ewúro kí ìkorò rẹ̀ lè rọlẹ̀, a ò sì fẹ́ kó tán pátápátá, torí ewúro tí kò korò rárá kò ládùn. Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn. Wọn kò lè ṣíji bo odidi òkè, wọn kò lè ní kí oòrùn má ràn, àmọ́ ìṣẹ́jú tí ewé ń lò nínú ooru wà lọ́wọ́ wọn.

Àgbá onírin tó ń yí ni ọ̀kan nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò. Ewé ń wọ ẹnu rẹ̀ kan, ooru omi ń fẹ́ sí i, irin kan ń rò ó láàárín, ó sì ń jáde ní ẹnu kejì. Bí wọ́n bá dín ìdagẹ̀rẹ̀ àgbá náà kù, ewé á pẹ́ sí i nínú rẹ̀. Ewé tó bá ti gba ooru ìṣẹ́jú kan tàbí méjì ti jinná débi pé tí ẹ bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, á yọ́. Tó bá wá dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀rọ tó ń yí i tó ń gbẹ ẹ́, kò lè dúró bí abẹ́rẹ́ gígùn mọ́. Ó ń fọ́. Ẹ̀rọ kò bà á jẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ṣe màgòmágó. Ohun tó mú kí abọ́ tó yí káàkiri lẹ́ẹ̀kan rí bí èlùbọ́ náà ló mú kí ife yín má fún yín lẹ́nu.

Ohun tó bá ooru lọ náà wà, mi ò sì fẹ́ fi pamọ́. Òórùn ni. Sencha tí wọ́n fi ooru díẹ̀ ṣe ní Kawane, ní apá òkè odò Oi kan náà, máa ń ta sánsán bí igbó tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí rẹ̀. Fukamushi kò ní ìyẹn. Tí wọ́n bá tún ṣi ooru náà lò, ewé á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á máa rùn bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n sè gbàgbé sórí iná. Bí mo bá ní àlejò kan tó mọ tíì dáadáa, tí ọwọ́ wa sì dilẹ̀, ti Kawane ni màá gbé jáde. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀, tí mo fẹ́ mu tíì pẹ̀lú oúnjẹ, mi ò lè fi fukamushi ṣe pààrọ̀. Ó ń dúró ti oúnjẹ, èyí tí òórùn nìkan kò lè ṣe.

Ẹ̀yà igi náà yẹ kí n mẹ́nu kàn. Èyí tó gbòde jù ní Japan ni Yabukita. Sugiyama Hikosaburo, àgbẹ̀ kan ní Shizuoka, gé igbó ọparun kan ó sì gbin tíì síbẹ̀. Ó mú igi méjì tó dáa jù nínú wọn. Èyí tó wà ní àríwá igbó náà ni Yabukita, ohun tí orúkọ náà sì túmọ̀ sí gan-an nìyẹn. Ọdún 1908 ni, ọdún tí Ikeda fún umami lórúkọ. Sugiyama kú ní 1941, ìjọba sì wá forúkọ Yabukita sílẹ̀ ní 1953. Kò fojú rí i pé igi rẹ̀ máa bo orílẹ̀-èdè.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ ṣe é nílé, ìkòkò lẹ kọ́kọ́ máa wá. Mo ti jìyà rẹ̀ rí. Ìkòkò tí mo kọ́kọ́ lò ní ihò gbàgà-gbàgà lẹ́nu. Ewé dí i, tíì kò jáde, ewé ṣì wà nínú omi gbígbóná, nígbà tí mo fi rí nǹkan dà, ó ti korò bí agbo. Èyí tí mo lò lónìí ni wọ́n ń pè ní kyusu, ọwọ́ rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́, asẹ́ irin tó kúnná sì yí inú rẹ̀ ká. Ìlú Tokoname ni wọ́n ti ń mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ má lo omi tó ń hó. Ìyẹn nìkan ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn sọ pé tíì aláwọ̀ ewé kò dára lẹ́nu.

Ẹnì kan ti ń nawọ́ láti ẹ̀yìn, ó fẹ́ mọ̀ bóyá oko náà ṣì wà bó ti wà. Ó wà, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń dàgbà, ọmọ wọn ń lọ sí ìlú ńlá, ọ̀pọ̀ ilé ní Japan kò sì ní kyusu mọ́, inú ike ni wọ́n ti ń ra tíì mu. Láti ọdún 1959 ni wọ́n ti ń ṣàkọsílẹ̀ iye tíì tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe, Shizuoka ló sì ń ṣáájú lọ́dọọdún. Ní ọdún 2024, Kagoshima ní gúúsù kọjá rẹ̀ nínú iye tíì tí wọ́n ṣe. Fukamushi wọ́pọ̀ ní Kagoshima náà, nítorí náà iṣẹ́ ooru yìí kò ní parun. Ohun tí ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè parun ni iṣẹ́ koríko. Ní àdúgbò Kakegawa, àwọn àgbẹ̀ ṣì ń dá ilẹ̀ koríko sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko. Tí ọdún bá ń lọ sópin, wọ́n á gé e, wọ́n á sá a, wọ́n á tẹ́ ẹ sáàárín igi tíì kó lè jẹrà. Wọ́n ń pe ilẹ̀ náà ní chagusaba. Àwọn òdòdó àti kòkòrò tó ti pòórá níbòmíràn ṣì wà nínú koríko yẹn, FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ ọ̀gbìn, sì kà á mọ́ ogún iṣẹ́ ọ̀gbìn àgbáyé ní ọdún 2013. Ọwọ́ èèyàn ló ń ṣe é, àwọn ọwọ́ náà sì ti ń darúgbó.

Ìpo kejì ti yá. Omi rẹ̀ gbóná ju ti àkọ́kọ́, mi ò sì ní dúró: bó bá ti wọlé, ó ti ń jáde. Ẹ ó rí i pé ó korò díẹ̀ sí i, ó sì mọ́ra lẹ́nu. Tí a bá mu ìkẹta tán, màá kó ewé inú ìkòkò sínú abọ́ yìí, màá ta ẹ̀kán omi ẹ̀wà sóyà méjì lé e lórí. Ó rọ̀ tó láti jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kó súnmọ́ iwájú, ṣíbí wà níbí.